"Ìwọ̀n májèlé" kò tó: ẹ jẹ́ ká wo "ìwọ̀n ìtànṣán àjẹsílẹ̀"

Ẹ̀gbọ́n wa ní Bódìjà dábàá pé ká máa pe ohun tí wọ́n ń ṣírò fún òṣìṣẹ́ tó ṣèèṣì fa eruku plutonium (irin kan tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde) símú, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "committed dose", ní "ìwọ̀n májèlé" nínú ìwé atúmọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fara mọ́ ọn. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni ọ̀rọ̀ yẹn dà pọ̀.

Eruku tó wọlé, becquerel ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn iye átọ́ọ̀mù tó ń fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọṣẹ́ tí ìtànṣán rẹ̀ ń ṣe lára, sievert ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìtànṣán alpha tó ń jáde lára plutonium kò lè gba awọ ara kọjá, pépà lásán lè dá a dúró. Àmọ́ tí eruku plutonium bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró, kò sí awọ tó máa dáàbò bò ó níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á máa gbé plutonium náà díẹ̀díẹ̀ lọ sínú egungun àti ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ló sì máa wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wo ilé ìwádìí átọ́míìkì tó wà ní Oarai ní ilẹ̀ Japan, ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, 2017. Àpò ike tí plutonium wà nínú rẹ̀ bẹ́, eruku sì fọ́n sí òṣìṣẹ́ márùn-ún lára. Ẹ̀rọ ní becquerel 22,000 wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n fọ ara wọn mọ́, tí wọ́n tún un wọ̀n, ẹ̀rọ ò rí plutonium níbẹ̀ mọ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ló ti ń kà. Ìtọ̀ wọn ló wá fi hàn pé díẹ̀ wọlé lóòótọ́. Látinú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń ṣírò padà sẹ́yìn mọ iye tó wọlé.

Ibi tó gba èrò jù rèé: ọdún 50 ni wọ́n ń ṣírò ọṣẹ́ náà sí, wọ́n á sì kọ gbogbo rẹ̀ sórí ọdún tí òṣìṣẹ́ náà fà á símú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní "ìwọ̀n ìtànṣán àjẹsílẹ̀". Bí gbèsè àjẹsílẹ̀ ló rí, ọjọ́ kan ni wọ́n jẹ ẹ́, sísan rẹ̀ ni kì í tán.

Àǹtí wa ní Mọ́kọ́lá ní tá a bá lo "àjẹsílẹ̀", ó máa dà bíi pé òṣìṣẹ́ náà ló fọwọ́ fà á. Mo ro ó dáadáa, ma. Ṣùgbọ́n àjẹsílẹ̀ bàbá, ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sábà máa ń san án.

Ilé ìwádìí ìjọba lórí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn níbí. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ méjèèjì hàn wọ́n kó tó wọ ìwé atúmọ̀ wa.