Síkáànì ní ẹ̀dọ̀ Àlájì lọ́ràá, dókítà ò sì kọ oògùn kankan

Ìyá Àlíyà: Àsàláámù aláékùm o. Inú ló ń bí mi. Wọ́n ya inú ikùn bàbá àwọn ọmọ mi, wọ́n ní ọ̀rá kún ẹ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn gbogbo owó tá a san, dókítà ò kọ oògùn. Ó ní kí wọ́n pa mínírà tì, kí wọ́n dín sísanra kù. Àlájì ò sì mutí rí láyé wọn! Ìyá ọkọ mi ti gbé ẹjọ́ yẹn ka orí mi: wàrà díndín tí mò ń gbé fún ọmọ wọn ló fà á. Ẹnì kan ní ọjà Ìpàtà ní òun ní àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ṣé kí n rà á?

Bọ̀dá Láàbù: Ẹ má rà á. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ìkòkò tá à ń fi kànrìnkàn fọ̀. Àgbo tó le lè dá kún ìṣòro rẹ̀. Èèyàn ò sì ní láti mutí kí ọ̀rá tó kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀: ikùn ńlá, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a rìn. Láti 2023 ni wọ́n ti ń pè é ní MASLD. Ọjọ́ orí wọn ńkọ́? AST àti ALT (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀dọ̀), platelet (ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì)?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà: Dókítà yẹn ò ṣì í. Ẹni tó bá wọn kílò 100, tó bá dín kílò 5, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò. Tó bá dín 7 sí 10, wíwú inú ẹ̀dọ̀ náà á rọlẹ̀. Ẹ má fi ebi pa wọ́n o, kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Ọmọ Òkè-Lẹ́lẹ̀: Ẹ ń dẹ́rù ba obìnrin yìí. Mẹ́dọ̀wú B ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù nílẹ̀ wa, àti ẹ̀pà tó ti bu. Kí wọ́n yẹ HBsAg, àmì mẹ́dọ̀wú B nínú ẹ̀jẹ̀, wò, kí wọ́n lọ sùn.

Bọ̀dá Láàbù: Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sùn. Ọ̀rá ń mú ẹ̀dọ̀ wú, wíwú ń di àpá, àpá tó bá gba gbogbo ẹ̀dọ̀ la ń pè ní cirrhosis. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti máa ń hù. Ti ọ̀rá yìí tilẹ̀ lè hù nígbà mìíràn láìdúró de cirrhosis.

Ìyá Àlíyà: HBsAg ò sí. Òróró díẹ̀ ni mo fi ń din wàrà, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 54. AST 62, ALT 48, platelet 128. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo metformin, ṣùgbọ́n ti ṣúgà nìyẹn, kò kan ẹ̀dọ̀.

Bọ̀dá Láàbù: Ó kàn án gan-an! Ẹ wo ìṣirò FIB-4, tó ń díwọ̀n àpá inú ẹ̀dọ̀. Ọjọ́ orí lọ́nà AST: 3,348. Platelet lọ́nà gbòǹgbò ALT, ìyẹn 128 lọ́nà 6.93 (torí 6.93 lọ́nà 6.93 ni 48): 887. Ẹ fi 887 pín 3,348, ó di 3.8. Tí kò bá tó 1.3, ọkàn á balẹ̀; tó bá ti kọjá 2.67, ó ṣeé ṣe kí àpá ti pọ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀ ló kàn, ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òyì.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà: Ẹ ń jà lórí wàrà, ẹ ò sì tíì sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé síkáànì. Kí ló kù níbẹ̀?

Ìyá Àlíyà: "Coarse echotexture. Focal lesion, 2.1 cm." Wọ́n ní ara ẹ̀dọ̀ rí gbágungbàgun, kókó kan sì wà níbẹ̀. Ẹni tó yà á ní ó lè jẹ́ ọ̀rá tó ṣù jọ. AFP, àmì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, sì jẹ́ 9, wọ́n ní ó dáa. Ìyẹn ò tó ni?

Bọ̀dá Láàbù: Kò tó. Jẹjẹrẹ tó ṣì kéré lè má gbé AFP sókè rárá. Kókó tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà kan lára irú ẹ̀dọ̀ yìí, CT tàbí MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) ló kàn, èyí tí wọ́n ń fa oògùn sí ìṣan fún, tí wọ́n á yà á léraléra. Tí kókó bá kọ́kọ́ tàn ju ẹ̀dọ̀ tó yí i ká lọ, tó wá ṣókùnkùn jù ú lọ lẹ́yìn náà, tí cirrhosis sì wà, jẹjẹrẹ ni. Wọn ò ní láti gé ẹran wò. Kí wọ́n yẹ creatinine (àyẹ̀wò kíndìnrín) wò ṣáájú, kí ẹ sì dárúkọ metformin fún wọn.

Ọmọ Òkè-Lẹ́lẹ̀: Mo kó ọ̀rọ̀ oorun jẹ. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, wọ́n ṣì lè gé e tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníná jó o. Ẹ má jẹ́ kó dàgbà.

Ìyá Àlíyà: Àlájì ní ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn, oṣù tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà: Ẹ bá ìyá wọn tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn yẹn sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀. Ìwé síkáànì àti gbogbo ìwé láàbù ni kẹ́ ẹ kó dání.