Ilé ìkàwé ìlú fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé àtijọ́: ibo ni òfin kọ́píráìtì gbà wá dé?

Láìbìrì_Ìgbómìnà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ilé ìkàwé ìlú kan lápá Òmù-Àrán ni ìbéèrè yìí ti wá. Ikán àti òjò ti fẹ́ ba ohun tó wà lórí pẹpẹ jẹ́ tán: ìwé ìtàn ìlú tí bàbá kan kọ ní 1962 (ó kú ní 1981), ìwé sáyẹ́ǹsì 1974 tí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ti kógbá sílé, gásẹ́ẹ̀tì ìjọba Kwara láti ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, àti kásẹ́ẹ̀tì orin eégún Eléwe. A fẹ́ síkáànì gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní ká gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi lè rí i kà. Àwọn kan ní wọn á fi ọlọ́pàá gbé wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran tún ń bèèrè ìwé bàọ́lọ́jì tó lè fetí gbọ́. Èwo ni òfin gbà, èwo ni kò gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, kó má jẹ́ "ẹ lọ rí lọ́yà" nìkan.

Lọ́yà_Tanke

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Òfin tí à ń lò lórí kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀, ni Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023. Ó rọ́pò ti 1988 tí ìjọba ológun ṣe. Nínú ti àtijọ́ yẹn, ẹ̀dà mẹ́ta péré ni láìbìrì ìjọba lè ṣe, àní ìyẹn náà, àfi tí a kò bá rí ìwé náà rà ní Nàìjíríà. Abala 25 nínú ti tuntun gba ilé ìkàwé àti mùsíọ́ọ̀mù láyè láti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kó má baà parun. Nítorí náà, síkáànì fún ìpamọ́ kò ní wàhálà, kódà bí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé bá ṣì wà lórí ìwé náà. Gbígbé e síta fún gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Gásẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù. Ìwé òfin àti ìwé ìṣàkóso tí ìjọba gbé jáde kò ní kọ́píráìtì, abala 3 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gbé e síta lónìí. Àmọ́ bí ẹnì kan bá kó àwọn òfin jọ, tó tò wọ́n, ìdìpọ̀ tirẹ̀ lè ní ẹ̀tọ́ lórí. Inú gásẹ́ẹ̀tì gan-an ni kí ẹ ti síkáànì.

Ìwé ìtàn ìlú: ẹ̀tọ́ náà wà títí ọdún 70 yóò fi pé lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ti bàbá yìí di 31 oṣù kejìlá 2051. Ọdún tí wọ́n tẹ ìwé kọ́ là ń kà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣirò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló jogún ẹ̀tọ́ náà, àfi bó bá ti fi ìwé gbé e fún atẹ̀wé nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yin mọ agboolé wọn, ẹ lọ bá wọn. Ojú ìwé kan tó: orúkọ ìwé, ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe (ìpamọ́ àti kíkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìgba owó), iye ọdún, àti pé ẹ̀tọ́ ṣì jẹ́ tiwọn. Òfin lè gba àṣẹ ẹnu fún irú èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ẹ ń wá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ajogún fọwọ́ sí i, kì í ṣe àkọ́bí nìkan. Nílé olórogún, ọ̀ràn yìí tètè máa ń dìjà.

Ti ìwé sáyẹ́ǹsì ló ń dùn mí jù. Pé atẹ̀wé kógbá sílé kò ní kí ẹ̀tọ́ kú. Ó lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ra ilé iṣẹ́ náà, ó sì lè ti padà sọ́dọ̀ òǹkọ̀wé. Ẹ pa á mọ́, kí wọ́n máa kà á nínú ilé ìkàwé, ẹ má gbé e síta. European Union ti ní ìlànà fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti 2012: ilé ìkàwé á wá olówó ìwé tọkàntọkàn, á kọ gbogbo ibi tó wá a dé sílẹ̀, lẹ́yìn náà á gbé e síta, bí olówó bá yọjú, ó lè dá a dúró, kó sì gba ohun tó tọ́ sí i. Irú ọ̀nà yìí, tí láìbìrì kékeré lè fọwọ́ ara rẹ̀ tọ̀ láìgba lọ́yà, ló yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa.

Kásẹ́ẹ̀tì ní ìpele méjì. Ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ọdún 50. Orin ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò tí òfin fún iṣẹ́ àṣà: ẹni tó bá fẹ́ fi pawó, tàbí tó fẹ́ lò ó níta àyè ìbílẹ̀ rẹ̀, gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó kọ́píráìtì. Lílò fún ẹ̀kọ́ kò ní ìdènà, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ìlú tó ni orin.

Àfọwọ́kọ_Ìlọrin

Àsàlámù àlékùn. Lọ́yà ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ kún un. Ìwé títẹ̀, 300 dpi (iye àmì tó wà nínú ínṣì kan nínú àwòrán) tó. Ìwé àfọwọ́kọ, pàápàá àjàmí (èdè wa tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ) tí àmì rẹ̀ kéré, ẹ má lọ sílẹ̀ ju 400 lọ. Fáìlì TIFF ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, PDF ni ti kíkà. Bí ẹ̀yìn ìwé bá ti rọ, ẹ má fi ìdérí síkánà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò já. Ẹ gbé e ka orí tìmùtìmù méjì tó dà bí V, kí ẹ fi kámẹ́rà yà á látòkè. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń sọ ìwé di pupa, ó sì ń jẹ ẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn, kí ẹ sì máa ṣí wọn wò lọ́dọọdún.

Nínú rẹ́jísítà, ẹ ya àyè sọ́tọ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan: ta ló kọ ọ́, ọdún wo ló kú, ta ló fún yín láṣẹ, ọjọ́ wo. Bí àyè yìí bá ṣófo, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lẹ́yìn yín kò ní mọ èyí tó lè gbé síta.

Nǹkan kan tún wà. Ìwé àwọn àlùfáà àtijọ́ nílẹ̀ Ìlọrin, kọ́píráìtì rẹ̀ ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ìdílé ló ni tákàdá náà. Òfin kò lè fi agbára mú wọn ṣí àpótí. Ẹ máa fún ìdílé ní ẹ̀dà tiwọn kí ẹ tó kúrò nílé wọn.

Òǹtàwé_Ọ̀ffà

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwa tí à ń fowó tẹ ìwé. Ìwé tó ṣì wà lórí àtẹ, ẹ rà á. Àwọn kan ń sọ pé òfin gbà ká ṣe ẹ̀dà ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwé. Kò sí iye kankan nínú abala 20. Ohun mẹ́rin ló ní kí a wò: ohun tí a fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ibi tí a mú ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe ṣe pàtàkì tó, àti bó ṣe kan ọjà olówó ìwé. Orí kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka tirẹ̀, ó ṣeé gbèjà. Odidi ìwé tí wọ́n ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n di, tí wọ́n tà, olè ni. Bí PDF ìwé tó ṣì ń tà bá jáde láti láìbìrì yín sórí WhatsApp, orúkọ láìbìrì ló máa wà níbẹ̀.

Lọ́yà_Tanke

Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé bí ìwé bá wọ́n jù, tàbí tí kò sí ní Yorùbá, òfin mọ̀ nípa ìyẹn náà. Àfikún àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí kọ́píráìtì, gba orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè láyè láti fúnni ní láísẹ́ǹsì ìtumọ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. Fún èdè tí wọn kì í sọ káàkiri ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti dàgbà, bíi tiwa, ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé jáde ni, pẹ̀lú oṣù mẹ́sàn-án sí i, a ó sì san ẹ̀tọ́ olówó ìwé. Wàhálà ìwé kíkọ rẹ̀ ló pọ̀ jù fún olùkọ́ kan ṣoṣo. Kí ìjọba mú un rọrùn, a ó rí ìwé físíìsì ní Yorùbá.

Olùkọ́_Bíréèlì

Ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, abala 26 ti gbà yín. Nàìjíríà wọ àdéhùn Marrakesh, àdéhùn àgbáyé tó gbà kí a ṣe ìwé fún àwọn tí kò ríran, ní 2017. Ní South Africa, ó di 2022 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ òfin ìlú tó sọ pé òfin 1978 wọn tẹ ẹ̀tọ́ àwọn afọ́jú mọ́lẹ̀. Tiwa ti wà nínú ìwé, ẹ lò ó.

Ẹ kò nílò àṣẹ atẹ̀wé, bí ẹ bá ti ní ìwé náà lọ́nà tó tọ́, tí ẹ kò jèrè, tí ẹ kò sì yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà ju ohun tí kíkà gbà lọ. Àwọn tí kò lè ka ìwé lásán nìkan ni kí ẹ fún. Ẹ síkáànì, ẹ fi OCR (ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àwòrán ojú ìwé di ọ̀rọ̀) yọ ọ̀rọ̀, kí ènìyàn sì fojú kà á. OCR máa ń sọ àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ, ṣ nù, yóò ka "ọkọ̀" bí "oko", ẹ̀rọ yóò sì pè é bẹ́ẹ̀ sétí ọmọ. Fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ tí kì í ṣe Unicode (ìlànà lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò), ẹ tún un tẹ̀. Ẹ fi àkọlé gidi sí orí kọ̀ọ̀kan nínú EPUB (fáìlì ìwé orí ẹ̀rọ) kí akẹ́kọ̀ọ́ náà lè máa fò láti orí kan sí òmíràn.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù nínú bàọ́lọ́jì ni àwòrán. Ẹ̀rọ kò ní ka ọfà tó ń tọ́ka sí yàrá ọkàn. Kí olùkọ́ bàọ́lọ́jì kọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde sí abẹ́ àwòrán náà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tí wọ́n ń kọ́ ní tááàmù yìí.