Àgbàrá wo ló gbá erùpẹ̀ Kansas lọ?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń túmọ̀ nípa àwọn àgbẹ̀ Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ńlá (Great Plains) ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ìgbà ọ̀dá àwọn ọdún 1930 títí di nǹkan bí ọdún 1960. Ẹ̀gbọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ àwọn kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí mi ò lè gbà, ohun tó sì fà á ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ṣakí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Mo ka ojú ewé àkọ́kọ́ sí etígbọ̀ọ́ àbúrò bàbá mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọkà bàbà àti iṣu ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn gbìn. Mo kà á pé òjò kò rọ̀ bó ti yẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ilẹ̀ gbẹ táútáú, pé àgbàrá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilẹ̀ Kansas àti Oklahoma lọ. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. O ní òjò ò rọ̀. Àgbàrá wo ló wá ń gbé ilẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

"Àgbàrá" ni ẹ̀gbọ́n wa fi túmọ̀ "soil erosion", bí erùpẹ̀ ṣe ń ṣí kúrò lórí ilẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, pé kí a má kó ọ̀rọ̀ tuntun lé wọn lórí. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n òjò ló bí àgbàrá. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ta ló ń pa òwe yẹn tí kì í rí omi lójú ọkàn rẹ̀? Ní Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ńlá, afẹ́fẹ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibi náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1934, ìjì kan gbé erùpẹ̀ oko láti àárín orílẹ̀-èdè náà, ó gbé e kọjá Chicago dé New York àti Washington, eruku náà sì bà sórí àwọn ọkọ̀ ojú omi lójú Òkun Atlantic. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1935, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, eruku dúdú kan ga bí òkè, ó wọ́ gba Kansas àti Oklahoma kọjá lọ sí Texas, ọ̀sán di òru mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ọjọ́ Àìkú Dúdú ni wọ́n ń pè é títí dòní. Omi kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo rí tó gba omi àti afẹ́fẹ́ láyè pa pọ̀ ni "gbá". Omi a máa gbá nǹkan lọ, afẹ́fẹ́ a máa gbá nǹkan lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá "ìgbálọ erùpẹ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí "lọ" inú rẹ̀ bọ́ sọnù o. Àbúrò wa kan ti kọ "ìgbálẹ̀" sínú èsì rẹ̀ lánàá, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá kà á máa rò.

Àgbàrá ṣì ní àyè tirẹ̀, mi ò lé e jáde. Hugh Hammond Bennett, onímọ̀ nípa erùpẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí a kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí ká má dárúkọ rẹ̀, omi ló kọ́kọ́ la ojú rẹ̀. Ní ọdún 1905, ó ń yẹ ilẹ̀ wò fún ìjọba ní Louisa County ní Virginia, ó rí ilẹ̀ méjì tó fara kanra. Erùpẹ̀ èyí tó wà lábẹ́ igi rọ̀, ó ń mu omi. Èyí tí wọ́n ti dáko lé fún ọdún gbọọrọ le koko. Ó wá yé e pé òjò ti ń bó awọ ilẹ̀ kejì díẹ̀díẹ̀, lórí gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà, láìgbẹ́ kòtò tí ojú lè rí. Mo fara mọ́ "bó" tí ẹ̀gbọ́n lò níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ti bó ẹ̀pà rí mọ bí awọ ṣe ń fúyẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "ìpamọ́ ilẹ̀" tí ẹ̀gbọ́n kọ fún "soil conservation", òun ló dùn mí jù, torí òun ni orí àròkọ náà. Ní ilé tiwa, bí o bá ní lágbájá ń pa ilẹ̀ mọ́, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé ó ń fi ilẹ̀ ẹbí pamọ́ fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. "Ìdáàbòbò ilẹ̀" tí ẹlòmíràn mú wá, ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ ló ń gbé wá sọ́kàn. Ilẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń jogún, tí a ń tà, tí a ń ri òpó ààlà sí. Ẹ wo àgbẹ̀ Kansas tí afẹ́fẹ́ ti gba oko rẹ̀ kọjá: ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ààlà kò yẹ̀, ìjọba ṣì ń béèrè owó orí ilẹ̀ náà. Erùpẹ̀ rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Yorùbá sì ti ya erùpẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára eruku kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn yìí. Bíbélì wa sọ fún Ádámù pé erùpẹ̀ ni, kò pè é ní eruku. Erùpẹ̀ wà nílẹ̀, a lè gbin nǹkan sínú rẹ̀, a lè pò ó, a lè fi mọ ilé. Eruku wà lófurufú, ojú àti imú ló ń wọ̀. Gbogbo ohun tí Bennett àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń jà fún, láti ọdún 1933 tí wọ́n ti dá ọ́fíìsì kékeré kan sílẹ̀ fún un, dé ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1935 tí òfin sọ ọ́ di àjọ tó dúró lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ni pé kí erùpẹ̀ má di eruku. Nítorí náà, "Àjọ Ìtọ́jú Erùpẹ̀ Oko" ni mo fẹ́ kí a kọ. Ohun tí a bá pa mọ́, a ti yọ ọ́ kúrò nínú lílò nìyẹn. Ohun tí a ń tọ́jú, à ń lò ó lọ́wọ́: ọmọ, ara, ọkọ́. Bennett kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó má dáko mọ́.

Orúkọ tí wọ́n fún ibi tí ọ̀ràn náà ti le jù, níbi tí Kansas, Colorado, Oklahoma, Texas àti New Mexico ti súnmọ́ ara wọn, ìyẹn "Dust Bowl", ẹ̀gbọ́n tú u sí "Abọ́ Eruku". Robert Geiger, oníròyìn ilé-iṣẹ́ Associated Press, ló kọ orúkọ náà sínú ìròyìn lẹ́yìn Ọjọ́ Àìkú Dúdú, ó sì mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, abọ́ jẹ́ ohun tí a fi ń bu oúnjẹ. Ẹni tó bá ka "Abọ́ Eruku" á máa wá ẹni tó bu eruku fún ẹni. Èdè tiwọn tún fi orúkọ kan náà pe ibẹ̀ àti àsìkò rẹ̀. A lè yà á sí méjì láìṣe wàhálà: "Ẹkùn Eruku" fún ibẹ̀, "Ìgbà Eruku" fún àsìkò, bí a ti ń sọ ìgbà Kírìjì àti ìgbà Agbẹ́kọ̀yà.

Ibi tó wù mí jù nínú àròkọ náà ni iṣẹ́ W. S. Chepil, onímọ̀ nípa erùpẹ̀, ní Manhattan ní Kansas, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wádìí bí erùpẹ̀ ṣe ń gbéra. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà ṣí kúrò. Èyí tó kéré jù, afẹ́fẹ́ á gbé e lókè réré. Èyí tó tóbi jù kò lè gbéra, ó kàn ń yí nílẹ̀. Èyí tó wà láàárín, tí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín ìdá kan sí ìdá márùn-ún nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan, ń fò, ó ń bà, ó tún ń fò. Òun gan-an ni ọ̀tá, torí bó bá ti ń bà ló ń lu àwọn yòókù dìde, òun ló sì pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ tó ń ṣí kúrò. "Ìtapọ́n" tí ẹ̀gbọ́n kọ fún fífò yìí kò yé mi. Kí ni ẹ rí sí "ìfòbà"? Ẹni tó bá wo ẹyẹ ẹ̀ga lórí ọkà á mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láìsí àlàyé. Èyí tó lọ sókè, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìfẹ́lọ". Ìyá mi máa ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé: á gbé igbá sókè, á rọra dà á, ìyàngbò á bá afẹ́fẹ́ lọ, ẹ̀wà á bọ́ sínú agbada. Ohun tí afẹ́fẹ́ ṣe sí oko wọn gẹ́ẹ́ nìyí, àfi pé níbẹ̀, oúnjẹ ilẹ̀ ló fẹ́ lọ, iyanrìn ló fi sílẹ̀ fún olóko.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó lè ṣi gbogbo òǹkàwé wa lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n kọ "ilẹ̀ tó ń sinmi" fún "fallow", ohun tí àwọn àgbẹ̀ àlìkámà ń ṣe láàárín ìkórè kan sí òmíràn. Bí ilẹ̀ bá ń sinmi lọ́dọ̀ wa, igbó ló ń bò ó. Ewé á wọ́, gbòǹgbò á ta, bí ọdún bá gorí ọdún a ó padà wá ṣán an. Ní Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ńlá, òdì kejì rẹ̀ ni. Wọ́n kórè àlìkámà ní oṣù Kẹfà tàbí Keje, wọn kò sì gbin òmíràn títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀lé e. Jálẹ̀ nǹkan bí oṣù mẹ́rìnlá yẹn, katakata á máa pààrà oko náà kí koríko má bàa hù, kí ilẹ̀ lè fi omi òjò ọdún méjì bọ́ irè kan, torí òjò ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ náà wà níhòòhò, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná, afẹ́fẹ́ dé bá a bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ "sinmi", àwọn òǹkàwé wa á rò pé ìsinmi ló ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Mo dábàá "oko adúródòjò" fún ìgbà díẹ̀ ná.

Ohun tó wo ọgbẹ́ náà rọrùn. F. L. Duley àti J. C. Russel, àwọn olùwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nebraska, láti ìparí àwọn ọdún 1930, ní kí àgbẹ̀ fi àgékù koríko ọkà sílẹ̀ lórí oko, kó lo abẹ fífẹ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, tó ń gé gbòǹgbò èpò láìdojú ilẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pè é ní "ìbolẹ̀". Ọ̀rọ̀ náà péye, àmọ́ ẹ rántí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù: wọn kì í fi àmì sísàlẹ̀. "Bo ilẹ̀" àti "bọ ilẹ̀" á di ọ̀kan náà, ẹlòmíràn á rò pé àwọn àgbẹ̀ Nebraska ń rúbọ sí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo "ìbora oko". A mọ ìbora, a ń fi sun lásìkò ọyẹ́. Bó bá sì jẹ́ ti ọkà bàbà, "ìbora pòròpórò" bá a mu, torí wọ́n gbin ọkà bàbà níbẹ̀ púpọ̀ níbi tí àlìkámà ti kùnà, ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà náà sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ọ̀dá mìíràn dé ní àwọn ọdún 1950, tó jẹ Texas níyà di ọdún 1957, irú ìbora yìí wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀ tí bàbá wọn kò mọ̀.

Àwọn yòókù kò ní pẹ́. "Poro adábùú" dára fún poro tí a kọ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Fún igi mílíọ̀nù 220 tí wọ́n gbìn ní ìlà láti North Dakota dé Texas láàárín ọdún 1934 sí 1942, "igbó ààbò" kò bá a mu, torí kò sí igbó níbẹ̀. "Odi igi" ni kí a kọ. Ohun èlò tí Fred Hoeme ṣe ní Hooker ní Oklahoma ní ọdún 1933, tí eyín irin rẹ̀ ń hú ògúlùtu jáde sójú ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ríbi gbá, ẹ pè é ní "ahúgúlùtu". Ẹnu lè kọ́kọ́ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Òfin ọdún 1956 tó san owó fún àgbẹ̀ nígbà náà kó má gbin apá kan oko rẹ̀ (Soil Bank), "Báńkì Ilẹ̀" á jẹ́ kí àwọn èèyàn máa béèrè fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. "Ètò Ilẹ̀ Àdásí" ni tèmi.

"Oko adúródòjò" nìkan ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn àti Kwara, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan fún ilẹ̀ tí a ti ro tán tí a kò tíì gbin nǹkan sí, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Mo bi bàbá ní Ṣakí. Wọ́n ní bàbá àwọn ní orúkọ tó ń pè é, ó kàn sá mọ́ àwọn lórí ni. Mo ti sọ fún ọmọ wọn kó kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá bó bá ti bọ́ lẹ́nu wọn.