Ìjókòó kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi awọ ṣe àti ti ìgbàlódé: èwo ló tuni lára jù?

Ará Peckham:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láti Peckham ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Stratford, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó sì ń gbà mí tó ìṣẹ́jú 45 ní àlọ nìkan. Ìjókòó tí mo bá lórí kẹ̀kẹ́ náà nípọn, ó sì rọ̀ débi pé bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ṣe ni yóò rì wọlé. Síbẹ̀, kí n tó dé ibi iṣẹ́, àárín itan mi á ti kú, n kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́, àfi kí n dìde dúró lórí pẹ́dà kí ẹ̀jẹ̀ tó rìn. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa fẹ́ ta ìjókòó aláwọ kan tí wọ́n ń pè ní Brooks B17 fún mi, èyí tí kò tíì gùn rí. Mo fi ìka kan awọ rẹ̀, ó dún kókó bí pákó. Báwo ni ohun tó le báyìí ṣe fẹ́ tu ìdí lára ju èyí tó rọ̀ lọ?

Bàbá Kẹ̀kẹ́:
Àbúrò mi, rírọ̀ yẹn gan-an ló ń dá yín lóró. Egungun méjì wà nísàlẹ̀ ìdí tí a fi ń jókòó, àwọn ló sì yẹ kó gbé ara. Bí fóòmù bá ti rọ̀ jù, egungun méjèèjì á rì sínú rẹ̀, èyí tó wà láàárín á wá ru sókè, á sì máa tẹ ibi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ti awọ kò ní fóòmù rárá. Awọ màlúù kan ṣoṣo tó nípọn ni wọ́n kàn mọ́ irin níwájú àti lẹ́yìn, tó wá nà gbọọrọ láàárín bí awọ ojú ìlù, tí kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń gùn ún, awọ náà á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tí egungun yín ń tẹ̀, títí kòtò kékeré méjì á fi hàn lójú rẹ̀. Tèmi ti pé ọdún 14. Ẹlòmíràn tó bá jókòó lé e kì í pẹ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìdí tèmi nìkan ló mọ̀. Irú rẹ̀, tó ní sípíríǹgì lábẹ́, ló wà lórí Raleigh tí àwọn olùkọ́ ń gùn nílé láyé àtijọ́. Àmọ́ ẹ ó fara dà á fún oṣù kan tàbí méjì o.

Asáré-bí-ẹfúùfù:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan: báwo lẹ ṣe ń jókòó? Ẹni tó nàró gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé egungun méjì yẹn. Ẹni tó tẹ̀ síwájú bíi tèmi, ìbàdí rẹ̀ á yí, ìwúwo á sì bọ́ síwájú, níbi tí awọ líle kò ti lè ṣàánú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sí ti ìgbàlódé, èyí tó kúrú, tí wọ́n dá ihò gbọọrọ sí láàárín. Kò tó 200 giramu, B17 sì lé ní 500. Fóòmù rẹ̀ tín-ín-rín; inú ṣòkòtò tí mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ ni tìmùtìmù wà. Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ tẹ́ páálí sórí àpótí líle, ẹ jókòó lé e, kí ẹ wọn àárín ojú méjèèjì tó bá tẹ̀ wọlé. Ìjókòó tó bá fẹjú ju ìyẹn lọ díẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ò mẹ́nu ba òjò ìlú yìí. Mo so kẹ̀kẹ́ mi mọ́ ìta ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kan, òjò pa á látàárọ̀, mo sì gùn ún délé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú omi tí táyà ẹ̀yìn ń ta sí i lábẹ́. Ẹ̀bi tèmi ni. Awọ náà tẹ̀ kọ́dọ́rọ́ bí igbá. Mo tún fi òrí pa á, èyí tó wá sọ ọ́ di jọ̀bọ̀tọ̀. Mo ń fi sípánà fún bóòtù iwájú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí awọ lè nà padà, títí awọ fi ya níbi ìṣó. Àwọn tó ń ṣe B17 náà mọ wàhálà yìí, nítorí láti 2013 ni wọ́n ti ń ta Cambium, tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Ó nà bíi ti awọ, òjò kò sì lè fi ṣe nǹkan kan, àmọ́ kì í kọ́ ìdí ẹni bí awọ ṣe ń kọ́ ọ.

Ará Peckham:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi ga ju ìjókòó lọ, nítorí náà mo jẹ́ ẹni tó ń nàró. Mo ti jókòó lórí páálí, mo sì ti san owó B17 náà. Ọ̀rá tí n ó máa fi bò ó bí òjò bá ń rọ̀ ti wà nínú báàgì mi.