504 píkọ́ọ̀pù bàbá mi kì í ṣájì bátìrì mọ́: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìsánlú:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, ó ti gbọ́n àpò mi gbẹ.

Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù ni, 1986 ni bàbá mi rà á. Òun la fi ń kó iṣu, òun la fi ń kó kajú, òun náà la fi gbé òkú bàbá fúnra wọn wọlé láti Kàbà. N kò lè tà á.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Láàárọ̀, tí bátìrì bá ti sun ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣájì, ó máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń fi lọ fi bọ̀ nínú Ìsánlú, láti ilé dé oko, láti oko dé ọjà, ìgbà kẹta tí mo bá pa á, sítátà á kàn máa sọ kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, kò ní yí. Àwọn ọmọ àdúgbò á wá bá mi tì í. Ọjọ́ tí mo bá wá kó ẹrù lọ sí Kàbà, tí mo sá a dáadáa gba Mọ́pà kọjá, tí mo pa á lọ́jà, ó máa ń jí wẹ́rẹ́ nígbà tí mo bá fẹ́ padà. Èyí ló rú mi lójú jù.

Bátìrì kejì nìyí láàárín oṣù márùn-ún. Rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí mo gbé e lọ bá yọ ọ̀tánétọ̀ àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì, ó fi tòkúnbọ̀ sí i. Ó wá tẹ tọ́tù gan-an, ó yọ orí bátìrì kan nígbà tí ẹ́njìnì ń ṣiṣẹ́, ó ní bí ọkọ̀ kò bá ti kú, ọ̀tánétọ̀ dára. Ọkọ̀ kò kú lóòótọ́. Ọjọ́ kejì, ìyà náà tún bẹ̀rẹ̀. Fáànù bẹ́ẹ̀tì tuntun ni, ó sì le dáadáa. Iná pupa bátìrì tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í tàn rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ó ń ṣájì. Àwọn kan ní kí n lọ ra bátìrì tó tóbi jù èyí lọ. Ṣé kí n rà á?

Rìwáyà Kàbà:

Àbúrò, okun. Má bínú bí o bá jù mí lọ, ṣùgbọ́n láti 1984 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Má ra bátìrì kankan. O ti sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà fúnra rẹ, ìwọ ni o kò mọ̀ pé o ti sọ ọ́.

Yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, má tíì sítáàtì. Ṣé iná pupa bátìrì yẹn tàn? Ó gbọ́dọ̀ tàn. Tí ẹ́njìnì bá wá gbéra, kí iná náà kú. Èyí tí kì í tàn rárá kọ́ ló dára, àìsàn ni.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀tánétọ̀ kò ní òòfà tirẹ̀ bíi dáínámò kẹ̀kẹ́. Iná díẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé inú rẹ̀ kí irin tó ń yí níbẹ̀ tó lè di òòfà, inú gílóòbù kékeré iná pupa yẹn sì ni iná náà ń gbà kọjá. Bí gílóòbù bá ti jó, ọ̀nà ti dí. Tí o bá wá sá ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà Mọ́pà, ìwọ̀nba òòfà tó ṣẹ́ kù lára irin á jí i pẹ̀lú eré, tó bá sì ti jí, á máa bọ́ ara rẹ̀ títí o fi máa pa ẹ́njìnì. Nínú ìlú, o kì í tẹ̀ ẹ́ tó kó jí. Bátìrì nìkan ló ń gbé ọkọ̀ kiri.

Gílóòbù fóòtì 12 ni kí o rà, wáàtì 2 tàbí 3. Má fi LED sí i, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kéré jù láti jí ọ̀tánétọ̀. Kí o tó náwó kankan, yá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Bátìrì tó kún, tó ti sinmi, máa ń jẹ́ fóòtì 12.6. Tí ẹ́njìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí o tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bó bá wà ní 12 àti díẹ̀, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, kò ṣájì.

Ọ̀rọ̀ yíyọ orí bátìrì yẹn dùn mí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ayé dáínámò ni wọ́n ti kọ́ ọ. Lára ọ̀tánétọ̀, iná á ru sókè lójijì, ó lè jó dáyóòdù inú rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é sí ọkọ̀ yín.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ẹ yẹ ẹ́ẹ̀tì náà wò, wáyà tó so ẹ́njìnì mọ́ irin ara ọkọ̀. Tèmi ti jẹrà tán lábẹ́ ọ̀rá dúdú, ojú lásán kò rí i. Ẹ tan iná iwájú nígbà tí ẹ́njìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí odì (nẹ́gétíìfù) bátìrì, ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́njìnì gan-an. Bó bá ju fóòtì 0.2 lọ, ẹ tú u, ẹ fi sánpépà ha á títí irin á fi dán, ẹ dè é le, kí ẹ wá fi basilín bò ó.

Gbẹ̀dẹ́ Mẹkáníìkì:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n, dáyóòdù lèmi fura sí, pàápàá lẹ́yìn yíyọ orí bátìrì yẹn. Ọmọ Ìsánlú, tó o bá jí láàárọ̀, kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀tánétọ̀. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ẹ́njìnì tútù, iná ń jò gba inú rẹ̀ lóru.

Ọmọ Ìsánlú:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá. Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù lánàá. Gílóòbù náà ti dúdú, okùn inú rẹ̀ ti já. Mo fi wáàtì 3 rọ́pò rẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa tàn. N kò rántí ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, bàbá mi ṣì ń wa ọkọ̀ náà nígbà yẹn. Mo sítáàtì, iná náà kú. Mítà sọ 13.9!

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan iná iwájú, ó já sí 13.1. Ìyá, òótọ́ lẹ sọ: 0.7 ni mo bá láàárín orí odì bátìrì àti ẹ́njìnì. Mo ha ẹ́ẹ̀tì náà, mo dè é, ó di 0.1, fóòtì sì gòkè sí 13.8 pẹ̀lú iná iwájú. Gbogbo òní ni mo fi lọ fi bọ̀ nínú ìlú, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo pa á, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló jí. Ẹnikẹ́ni kò tì í.

Ọ̀tánétọ̀ kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀. Síbẹ̀, 12.6 ni mo fi sílẹ̀ lálẹ́, 12.4 ni mo bá a.

Rìwáyà Kàbà:

Ayọ̀ ni. 12.4 yẹn, ìdá mẹ́rin kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Nǹkan kan ṣì ń mu iná lóru. Yọ wáyà odì bátìrì, fi mítà sáàárín rẹ̀ àti orí bátìrì ní ojú 10 áńpì, ti ilẹ̀kùn pa. Bó bá ju áńpì 0.05 lọ, máa yọ fiúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi sọ̀. Má sítáàtì tí mítà bá wà níbẹ̀ o, á jó. Ṣé rédíò wà nínú rẹ̀?

Ọmọ Ìsánlú:

Ó wà. Àbúrò mi ló so ó mọ́ orí bátìrì tààrà, kò gba ti kọ́kọ́rọ́. Mo ń lọ yọ ọ́ báyìí, màá wọn bátìrì kí n tó sùn, màá tún wọn ọ́n láàárọ̀ ọ̀la.