Ìfúnpá wo ni kí n rọ sínú ìbọn afẹ́fẹ́ mi, ọta mélòó ni kí n sì kà sí ìrọ̀kún kan?

Olùbéèrè:

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sí láti ìta kí a tó lò ó ni mo ní, kò sì ní rẹ́gúlétọ̀ nínú, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń di ìfúnpá mú síbi kan. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 5.5, sílíńdà abẹ́ rẹ̀ gba mílílítà 200, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìfúnpá kò gbọdọ̀ kọjá 200 bar (bar ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá). Ọta tí mo ń lò wúwo tó gíráàmù 1.04.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ kún dé 200 bar, àwọn ọta àkọ́kọ́ máa ń bà sí ìsàlẹ̀ ibi tí mo fojú sùn ní mítà 50. Tó bá yá, wọn á gòkè wá sí ojú àmì gan-an, wọn á wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á tún máa wálẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìgbà tí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù lọ ló yẹ kí ọta sáré jù lọ. Mo yá ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, mo sì ń ka géèjì lẹ́yìn ọta márùn-ún márùn-ún. Ohun tí mo rí nìyí, mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo fi ka eré náà:

200 bar: 226
190 bar: 233
180 bar: 239
170 bar: 243
160 bar: 245
150 bar: 244
140 bar: 241
130 bar: 235
120 bar: 227
110 bar: 216

Ìwé tó bá ìbọn náà wá sọ pé ọta 60 ni ìrọ̀kún kan máa gbé. Ṣé kí n gba èyí gbọ́? Ẹnì kan tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n rọ ọ́ dé 230 bar kí ọta lè pọ̀ sí i, nítorí pé àwọn tó ṣe é máa ń fi àyè sílẹ̀. Mo sì ní sílíńdà ńlá kan tó gba lítà 3, tó ń kún dé 300 bar. Mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí yóò rọ ìbọn mi kún kí ó tó di pé kò wúlò mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Atamátàsé:

Ẹ kú iṣẹ́ gidi. Ẹni tó bá ti kọ irú nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣe ìbọn yín. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ló ń ti fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ẹ̀yìn ọta, pa, òòlù tí sípíríǹgì ń tì sì ni ó ń gbá a ṣí fún ìwọ̀nba àkókò tí ojú kò lè rí. Ní 200 bar, ńṣe ni fáàfù náà dà bí ìlẹ̀kùn tí èèyàn mẹ́wàá fi ẹ̀yìn tì láti inú: òòlù gbá a, ó ṣí díẹ̀, ó sì padà pa kíá, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ráyè tẹ̀ lé ọta kò tó nǹkan. Bí ìfúnpá ti ń dín kù, fáàfù ń pẹ́ sí i kó tó padà pa, afẹ́fẹ́ tó ń jáde ń pọ̀ sí i, eré ọta sì ń gòkè. Nígbà tó bá kọjá 160 bar wálẹ̀, fáàfù ṣì ń ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ jù, eré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Gbogbo ìbọn tí kò ní rẹ́gúlétọ̀ ló ń ṣe báyìí; ibi tí òkè náà wà ló yàtọ̀ láti ọ̀kan sí òmíràn.

Ẹ mú eré tó ga jù lọ, ìyẹn 245, kí ẹ yọ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ lé ní 235. Gbogbo ọta tó bá sáré tó 235 sókè ni kí ẹ kà, kí ẹ gbàgbé ìyókù. Nínú ohun tí ẹ kọ, eré náà wọ inú ààlà yìí ní nǹkan bíi 185 bar, ó sì jáde ní 130 bar. Ìfúnpá tí ẹ ó máa rọ dé nìyẹn, 185, kì í ṣe 200. Ibi tí ẹ ó sì ti dúró ni 130. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 55 bar, ẹ sì ń lo 10 bar fún ọta 5, nítorí náà ọta 27 ni iye yín.

Ìdí tí mo fi mú ìdá 4 ni pé ní mítà 50, ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ nínú eré máa ń sọ ọta kalẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Èyí tí ẹ ń rí lára ọta àkọ́kọ́ yín, tó wà láàárín 226 àti 245, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 4, ìdí nìyẹn tó fi hàn sí yín lójú. Ẹni tó ń bá ìdíje lọ lè ní kí ààlà òun jẹ́ ìdá 2 péré. Nígbà náà ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti 177 tàbí 178 bar, ẹ ó sì dúró ní 138, ọta 20 ni yóò sì jẹ́.

Alágbẹ̀dẹ:

Mo fara mọ́ ohun tí Atamátàsé sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 230 bar yẹn ni mo fẹ́ dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó gbìyànjú rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Òótọ́ ni pé àwọn tó ṣe sílíńdà máa ń dán an wò kọjá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn wà fún ooru, fún ògbó, fún ìpẹpẹ ìpata tí ojú kò rí, àti fún géèjì tó ń parọ́. Kò sí nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti ẹni tó ń fẹ́ ọta púpọ̀ sí i. Ohun tó sì jọ mí lójú ni pé kò ní mú ọta kankan pọ̀ sí i tó wúlò: bí eré bá ti já sí 226 ní 200 bar, yóò tún rẹlẹ̀ sí i ní 230, tí ìfúnpá bá sì ga tó, òòlù kò ní lè ṣí fáàfù rárá. Ìbọn á wà lọ́wọ́ yín tó kún fọ́fọ́, kò sì ní yìn.

Afẹ́fẹ́ lásán tó gbẹ ni kí ẹ máa rọ sí i. Ẹ ò gbọdọ̀ lo ọ́síjìn láé, nítorí pé ọ́síjìn tó wà lábẹ́ ìfúnpá ńlá lè mú kí gírísì inú ìbọn gbiná, kí ó sì bú gbàmù. Gírísì sílíkónì nìkan ni kí ó kan àwọn rọ́bà inú rẹ̀. Sílíńdà ńlá yín ní ọjọ́ ìdánwò tí wọ́n lù sí i lára; bí àsìkò rẹ̀ bá ti kọjá, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó tún kún un.

Ní ti ọta 60 inú ìwé yẹn, kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ rò. Láti 200 dé 110 bar, sílíńdà mílílítà 200 yín ti fi nǹkan bíi lítà 18 afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ọta 45 (bí a bá wọn afẹ́fẹ́ náà láìfún un pọ̀), ìyẹn lítà 0.4 fún ọta kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó lè yin ọta 60, ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 80 bar. Ọta á ṣì jáde ní 80 bar. Ibi tí yóò bà sí ni a kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Onísirò:

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe ti sílíńdà ńlá, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí èrè ìmọ̀ràn Atamátàsé.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n kàn fi ìfúnpá sọ lítà di púpọ̀. Láti gbé ìbọn yín láti 130 dé 185 bar, ẹ nílò 55 lọ́nà lítà 0.2, ìyẹn lítà 11. Sílíńdà lítà 3 tó bá sọ̀ láti 300 dé 185 bar á fi lítà 345 sílẹ̀. Tí ẹ bá pín in, ẹ ó rí ìgbà 31.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ kì í gbọ́ràn sí ìṣirò yẹn lẹ́nu mọ́ bí ìfúnpá bá ti ga. Ní 300 bar, nínú ooru yàrá lásán, ohun tó wà nínú sílíńdà fi nǹkan bíi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ohun tí ìṣirò sọ. Ní 200 bar, ìdá 3 péré ló dín. Sílíńdà yín tí ẹ rò pé ó gbé lítà 900, nǹkan bíi 810 ló gbé. Tí a bá tún un ṣe báyìí, ìgbà 26 ni ẹ ó rí. Ọta 27 lọ́nà 26 jẹ́ 702, gbogbo wọn ló sì wà nínú ààlà.

Ẹ wá wo bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, láti 110 dé 200 bar. Ìgbà 13 péré ni sílíńdà ńlá lè rọ ìbọn náà kún délẹ̀délẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ̀ dé 200. Ọta 45 lọ́nà 13 jẹ́ 585, 351 nínú wọn ló sì wúlò. Ẹ ti rí i pé ẹni tó ń rọ púpọ̀ ni ọta rẹ̀ ń kéré. Lẹ́yìn tí sílíńdà ńlá bá sì ti sọ̀ kọjá 185, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; ẹ ṣì lè gbé ìbọn dé 175 tàbí 165 kí ẹ sì yin ọta tó dínkù.

Olùbéèrè:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó yé mi báyìí. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n fi rẹ́gúlétọ̀ sí i? Èkejì ni pé mo rọ ọ́ dé 185 lánàá, nígbà tí mo sì padà wò ó lẹ́yìn bíi wákàtí kan, géèjì ti wà ní 179. Ṣé ó ń jò ni?

Alágbẹ̀dẹ:

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí rẹ́gúlétọ̀ ń ṣe. Ó ń di ìfúnpá tó ń dé ọ̀dọ̀ fáàfù mú síbi kan, ká sọ pé 140 bar, tó fi jẹ́ pé láti 200 wálẹ̀ dé 140, eré ọta á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Òòlù àti sípíríǹgì sì ní láti bá 140 yẹn mu, nítorí náà ẹ ó tún wọn tò. Ní ti iye ọta, ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu: 60 bar ló wà láàárín 200 àti 140, ìyẹn ọta 30 ní ìwọ̀n tí ẹ ń lò, rẹ́gúlétọ̀ fúnra rẹ̀ á sì gba àyè díẹ̀ nínú sílíńdà. Ìdọ́gba eré ni èrè rẹ̀. Ẹni tó ń yìn ní mítà 25 kò nílò rẹ̀, torí pé ìdá 4 yẹn kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà níbẹ̀. Fún mítà 50, ó wù mí, ṣùgbọ́n mi ò ní kánjú.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn fún sípíríǹgì òòlù le sí i. Òótọ́ ni pé yóò gbé òkè eré lọ sí ìfúnpá tó ga ju 160 lọ, yóò sì mú eré pọ̀ sí i, àmọ́ ó ń jẹ afẹ́fẹ́. Ẹ rántí pé agbára tí ọta yín ń gbé ti tó nǹkan bíi joule 31 báyìí, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì fi gbèdéke sí iye agbára tí ìbọn afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ wádìí tiyín kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdè kankan.

Atamátàsé:

Níbi tí èmi àti Alágbẹ̀dẹ kò ti ní gbọ́ ara wa yé nìyí: ní tèmi, ọta 27 tó dúró sójú kan tó fún mítà 50, kò sì sí ohun tó yẹ kí a tú palẹ̀ nítorí ọta mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ lo ìbọn náà láàárín 185 sí 130 fún ìgbà díẹ̀.

Ọlọ́pọ́ǹpù:

Ní ti géèjì tó sọ̀ láti 185 dé 179, ooru ni, kì í ṣe jíjò. Afẹ́fẹ́ tí a bá rọ wọlé kíákíá máa ń gbóná, ìfúnpá rẹ̀ á ga ju bó ti yẹ lọ, bó bá sì tutù tán, á sọ̀. Ẹ ṣí ẹnu sílíńdà ńlá díẹ̀díẹ̀, kí ìrọ̀kún náà gba ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún fi ìyókù kún un. Bí géèjì bá wà ní 179 ní alẹ́ tó sì ṣì wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ooru kan náà, kò sí nǹkan. Bó bá tún ń sọ̀, ẹ fi omi ọṣẹ pa àwọn oríkèé rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí yóò ti máa hó.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Géèjì kékeré ara ìbọn àti ti sílíńdà ńlá kì í sábà bá ara wọn mu, ó sì lè jẹ́ pé psi, òṣùwọ̀n ìfúnpá mìíràn, ni wọ́n kọ sí ọ̀kan. Bar 1 jẹ́ psi 14.5, nítorí náà 185 bar fẹ́rẹ̀ẹ́ tó psi 2,680. Géèjì tí ẹ kà nígbà tí ẹ ń wọn eré ni kí ẹ máa tẹ̀ lé fún ibi tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ ó dúró, ì báà tiẹ̀ máa fi díẹ̀ ṣìnà, torí pé ìṣìnà rẹ̀ ti wà nínú nọ́ńbà yín láti ilẹ̀. Fún ààlà 200 yẹn nìkan, èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ ọta sí èyí tó wúwo ju gíráàmù 1.04 lọ, ẹ tún yá ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Eré á dín kù, àmọ́ ibi tí òkè eré wà lórí géèjì kò ní jìnnà sí 160.