Kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ìdànrè, ká gba òkè Ẹ̀fọ̀n: ẹ bá mi wo ọ̀nà yìí

Ẹsẹ̀Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ìdànrè tí òjò bá ti dá, ó lè jẹ́ ìparí oṣù kọkànlá, a ò sì fẹ́ wọ mọ́tò níbì kankan. Bí mo ṣe là á sílẹ̀ rèé: ọjọ́ kìíní ká gba Ìkirè àti Gbọ̀ngán ká sùn sí Ifẹ̀, ọjọ́ kejì ká la Iléṣà kọjá, ká yà ní Ìwáràjà, ká gun Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ká sọ̀ sí Àràmọ̀kọ ká sùn ní Ìkógòsì, ọjọ́ kẹta Adó, Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́, Ìdànrè, ó parí. Gbogbo ẹ̀ ń lọ sí 300 kìlómítà. Èyí tí mo tíì gùn jù láyé mi ni Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, ọjọ́ kan ni mo sì fi dé ibẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ mi tòkunbọ̀ ni, táyà tẹ́ẹ́rẹ́, gíà iwájú (irin tí ṣéènì ń yí lé lórí) ní eyín 42, ti ẹ̀yìn èyí tó tóbi jù ní 28. Ẹrù mi á tó kìló 15. Ẹ̀rù òkè yẹn ń bà mí díẹ̀ torí màmá mi, ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n, sọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí lọ́rì bá ń gun ibẹ̀, ńṣe ni kọ̀ńdọ́ máa ń bẹ́ sílẹ̀ táá gbé igi dání, táá máa sáré tẹ̀lé táyà ẹ̀yìn kó lè rí i fi há a tí mọ́tò bá fẹ́ padà sẹ́yìn. Ṣé ọjọ́ mẹ́ta yìí á gbà?

GíàKékeré:
Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín kọ́ ni ìṣòro, gíà yín ló le jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. 42 lórí 28 túmọ̀ sí pé tí pẹ́dàlì bá yí ẹ̀ẹ̀kan, táyà á yí ẹ̀ẹ̀kan àtààbọ̀. Táyà yín tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ó lọ bíi mítà 2.1, ìyẹn ni pé ìyípo pẹ́dàlì kan ń gbé yín lọ mítà 3 ó lé díẹ̀. Ó dùn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àmọ́ lórí òkè tó ga, pẹ̀lú kìló 15 lẹ́yìn, eré yín á wálẹ̀ sí kìlómítà 7 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ yín ò ní lè yí ju bíi ìgbà 37 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dà bí ìgbà téèyàn ń fi orúnkún kan ṣoṣo gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Tẹ́ ẹ bá fi 34 síwájú, 34 sẹ́yìn, eré kan náà, ẹsẹ̀ á yí bíi ìgbà 55, orúnkún á sinmi. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ra eyín ẹ̀yìn ńlá yẹn, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín tún kẹ̀kẹ́ ṣe wo apá tó ń gbé ṣéènì lẹ́yìn, tó bá kúrú kò ní gba 34, ẹ sì tún lè ní láti fi ṣéènì gígùn sí i.

Ọjọ́ kejì yẹn, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Bíi 100 kìlómítà ni, òkè tó le jù lọ níbẹ̀ á wá bọ́ sí ọ̀sán gangan. Ẹ má ka kìlómítà nìkan, ẹ ka òkè. Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju nǹkan bíi 30 kìlómítà lọ, ẹ sùn sí Iléṣà, ẹ jẹ iyán, ẹ na ẹsẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa kẹ́ ẹ wá kọjú sí Ẹ̀fọ̀n nígbà tí oòrùn ò tíì mú. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀nà yìí, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà (ẹ má yà ní Ìwáràjà, ẹ tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ wá padà) ó di márùn-ún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ di ẹrù yẹn sórí kẹ̀kẹ́ pátá, kẹ́ ẹ lọ gun Òkè Màpó lẹ́ẹ̀mẹwàá.

ỌmọOlókè:
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ ìlú wa. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa gun òkè, ẹ jọ̀ọ́ sísọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Lọ́dún kan mo ń ti Ẹ̀fọ̀n sọ̀ bọ̀ sí Ìwáràjà, ẹrù wà lẹ́yìn, mo di bíréèkì mú gírígírí láti òkè dé ìsàlẹ̀ torí ẹ̀rù kọ́nà. Mo ń gbọ́ òórùn rọ́bà, mo rò pé mọ́tò kan ló ń jó. Ìgbà tí mo dúró tí mo fọwọ́ kan irin táyà iwájú, ó bó mi níka méjì, kó tó pé ìṣẹ́jú kan tíúbù bú gbàù! Ká ní orí ìrìn ló ti bú ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin díẹ̀, màá tú u sílẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn, tí irin bá ti gbóná màá dúró mumi. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì sí tuntun kẹ́ ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, kẹ́ ẹ tún mú ẹ̀dà kan dání.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tírélà lẹ́yìn yín ní kọ́nà, ẹ bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú títì pátápátá, ẹ má bá a du ọ̀nà, awakọ̀ ò lè rí yín. Ìkùukùu náà máa ń bo òkè wa láàárọ̀, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ yòò, ẹ tan iná ẹ̀yìn.

BàbáTáyà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìmọ̀ràn. Fokanáísà wà káàkiri ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n tíúbù ọ̀kadà àti ti kẹ̀kẹ́ ńlá àtijọ́ ni wọ́n ní, ti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ yín ò sí, ẹ gbé mẹ́ta dání lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù tiyín náà ńkọ́. Omi, lítà mẹ́ta kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀rọ̀ ààbò, mi ò ní fi bò: ẹ má rìn kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti wọlé kó tó di aago márùn-ún, ní gbogbo ìlú tẹ́ ẹ bá dé ẹ yà sí gáréèjì ẹ bi àwọn awakọ̀ bí iwájú ṣe rí lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá ní ẹ má lọ, ẹ dúró.

Ẹ má sáré kúrò ní Ìkógòsì o, ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù yẹn ni kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀. Láti ibẹ̀ ẹ lè gba Ìgbàrà-Odò àti Ìláwẹ̀ dé Adó. Tẹ́ ẹ bá dé Ìdànrè, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kẹ̀kẹ́ sí, àtẹ̀gùn tó ń lọ sókè lé ní 600.

Ẹsẹ̀Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Mo ti pààrọ̀ gíà sí 34 lórí 34, apá ẹ̀yìn kúrú lóòótọ́, mo ra òmíràn. Láàárọ̀ yìí mo di ẹrù mo gun Màpó lẹ́ẹ̀mẹfà, ìkeje ni mo bọ́ sílẹ̀ tì í, mo máa padà lọ́la. Ó ti di ọjọ́ márùn-ún báyìí, a máa yà wo Olúmirin. Mo pe màmá mi, wọ́n ní àwọn á ti wọ mọ́tò lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, pé àwọn á dúró dè wá lórí òkè.

ỌmọOlókè, ẹ jọ̀ọ́ rọ́bà bíréèkì yẹn, èwo lẹ̀ ń lò tí kì í tètè jẹ?